Ẹ Bi Wá: Ọ̀ṣọ́ Àfọwọ́ṣe Tó Yọ Síta Lára Ògiri, Fún Yàrá Kékeré

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀ṣọ́ ilé pọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ni èyí tó pọ̀ jù ti wá, lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé yàrá kan tàbí yàrá àti pálọ̀. A mú mẹ́fà nínú wọn. Kí ẹ tó mú abẹ tàbí gọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí fèrèsé yín wà. Nínú yàrá kékeré, òjìji ló ń ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tó yọ síta ní íǹṣì kan péré, tí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kàn án, máa ń hàn ju ohun ńlá tí ìmọ́lẹ̀ dojú kọ gan-an. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni kí ẹ yàn. Èyí tó kọjú sí fèrèsé máa ń pa òjìji rẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Self-contain ni mo ń gbé ní Lágere, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Láńlọ́ọ̀dù wa ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ògiri. Mo gé páálí, mo tò ó bí òdòdó, mo fi tépù olójú méjì lẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó fi já bọ́, ó sì ṣí ọ̀dà ògiri dání. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́, Lágere

Tépù kọ́ ló jẹ̀bi, ọ̀dà ni. Emulsion tí wọ́n bu omi púpọ̀ là ni wọ́n fi ń kun ọ̀pọ̀ ilé tí ayálégbé ń gbé. Tó bá gbẹ tán, ara rẹ̀ á máa yọ bí ẹfun. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri yín wò. Bí ọwọ́ bá funfun, ẹ má wulẹ̀ fi tépù kankan dán an wò, torí ẹfun yẹn ni tépù máa dì mú, kò ní dé ara ògiri. Bí ọwọ́ bá mọ́, ẹ gé tépù tó tó ìka méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó fara sin fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá rọra fà á. Tó bá ṣí ọ̀dà, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Páálí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò á wú, etí rẹ̀ á ká, kíká yẹn ni yóò sì máa já tépù láti igun wá sí àárín.

Ohun tó bá yàrá yín mu ni férémù tó ń fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ ra pákó 2-by-2 tí wọ́n ti fá. Ẹ gé méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 fún ẹsẹ̀, kí ẹ gé mẹ́ta tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 fún ìdábùú. Sukúrú ni kí ẹ fi dè é. Ìṣó á máa tú díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá sún férémù láti gbálẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára ògiri ní íǹṣì 8, kí ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ sinmi lé ògiri. Ẹ gé sílípáàsì tó ti gbó, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì àti ibi tí orí férémù ti kan ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní yọ̀, kò sì ní ha ọ̀dà. Bí ọmọdé bá ń wọlé, ẹ fi okùn so orí rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé. Ara ìdábùú ni ẹ óò máa fi iṣẹ́ yín kọ́, láńlọ́ọ̀dù ò sì ní rí ojú ìṣó kankan.

Ní ti iṣẹ́ páálí fúnra rẹ̀, ẹ fi páálí Indomie sílẹ̀, ó tinrin jù. Páálí tí wọ́n fi di fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ wá, èyí tó ní ìpele ihò méjì tí ẹ bá wo etí rẹ̀. Ẹ gé márùn-ún, íǹṣì 16 sí 16. Ẹ gé ihò róbótó sí àárín mẹ́rin nínú wọn: ti àkọ́kọ́ kí ó fẹ̀ ní íǹṣì 12, ti èkejì 10, ti ẹ̀kẹta 8, ti ẹ̀kẹrin 6. Ìkarùn-ún kò gbọdọ̀ ní ihò, òun ni ẹ̀yìn. Tí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn, yóò dà bí ìgbà tí àtẹ̀gùn ń sọ̀ kalẹ̀ wọnú ògiri, gbogbo rẹ̀ ò sì ní nípọn ju íǹṣì kan àti díẹ̀ lọ. A máa ń kùn ún ní aró: iwájú kó funfun díẹ̀, ẹ̀yìn kó ṣú bíi dúdú.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Bí ìlà inú páálí gbogbo bá dojú kọ ọ̀nà kan náà, yóò ká. Nítorí náà bí ti àkọ́kọ́ bá dúró, ti èkejì kó dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀, omi inú rẹ̀ á rẹ páálí. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi káàdì àtijọ́ nà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi ìwé tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbà ni ẹ̀kẹta: ẹ kun ẹ̀yìn bí ẹ ti kun iwájú. Ọ̀dà máa ń sún kì bó ti ń gbẹ, ojú tó bá sì ní ọ̀dà ni páálí máa ká sí. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ po gọ́ọ̀mù àti omi ní ìlàjì-ìlàjì, kí ẹ fi pa iwájú, ẹ̀yìn àti gbogbo etí. Etí ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé.

Ẹ ǹ lẹ́ o. Mo rẹ ìwé ìròyìn, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ, mo fi mọ orí àgbò àti orí màlúù fún ògiri pálọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n bu, wọ́n ń rùn, aáyán sì ń jẹ wọ́n lóru. Ṣé mo lè tún wọn ṣe? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Ẹ kú ìrọ́jú o, Olùkọ́. Bó bá ti ń rùn láti inú, kò ní àtúnṣe, ẹ kó o dànù. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ló bu, ẹ gbé e sóòrùn ọjọ́ méjì, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ́n níta. Ẹ bu bílíìṣì ife 1 sínú omi ife 10, ẹ fi aṣọ tí ẹ fún dáadáa nu ún, kí ẹ tún sá a.

Ẹ̀kọ ni oúnjẹ aáyán, òun náà sì ni oúnjẹ èyí tó ń mú nǹkan bu. Ní ti bíbù láti inú, nínípọn ló fà á. Ẹ mọ ọ́n nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìta gbẹ, inú ò gbẹ. Ẹ tún un ṣe báyìí: ẹ ya ìwé wẹ́wẹ́ bí èékánná, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 30, ẹ gún un nínú odó tí ẹ kò fi gún oúnjẹ mọ́, kí ẹ fún un títí omi ò fi ní kán tí ẹ bá dì í lọ́wọ́. Sí ife 4 irú rẹ̀, ẹ bu gọ́ọ̀mù funfun ife 1 àti ààbọ̀. Bí owó gọ́ọ̀mù bá wọ́n yín, ẹ lè fi ẹ̀kọ láfún dípò ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ ro ó pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù díẹ̀ lórí iná bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń ṣe.

Ẹ má mọ ọ́n láti inú dé òde. Ẹ ká ìwé gbígbẹ tàbí kéréètì ẹyin sí ìrísí orí àgbò náà, ẹ fi tépù dè é, kí ẹ wá fi ìwé gígún bò ó. Ìpele kan kò gbọdọ̀ nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lọ. Ó tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó lé èkejì lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù ju ara ìwé lásán lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ìwo àgbò ló máa ń kẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ìpele ti máa ń ká lé ara wọn. Tí ẹ bá ń gbé e kọ́, ẹ lẹ ègé sílípáàsì mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín òun àti ògiri kọjá.

Mo fẹ́ fi igbá ṣe àtùpà fún igun yàrá wa, èyí tó máa ń ta ìmọ́lẹ̀ tóótòòtó sára ògiri. Igbá méjì ti sán mọ́ mi lọ́wọ́. — Ìyá ọmọ méjì, Pàràkìn

Ìyá, igbá tó tinrin ni wọ́n tà fún yín, tàbí kí ẹ ti da ihò sún mọ́ra jù. Ẹ wá igbá tó gbẹ dénú, tí kóró inú rẹ̀ ń dún tí ẹ bá mì ín, tó sì ń dún gbà-gbà bíi pákó tí ẹ bá fi ìka kàn án. Èyí tó ń dún bí ìwé ti tinrin. Ẹ gé ojú tó fẹ̀ ní íǹṣì 3 sí ìdí rẹ̀, kí ọwọ́ lè wọlé, kí ẹ fi ṣíbí ha inú rẹ̀. Ẹ di imú o! Ìyẹ̀fun inú igbá máa ń mú ni wúkọ́, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ wà nítòsí.

Ẹ fi pẹ́ńsù ya àwòrán kí ẹ tó mú dírìlì. Òfin àyè kò le: àárín ihò méjì kò gbọdọ̀ kéré ju fífẹ̀ ihò tó tóbi jù nínú méjèèjì lọ. Bí ihò kan bá fẹ̀ ní mílímítà 6, ẹ fi mílímítà 6 sílẹ̀ kí ẹ tó lu èyí tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ihò ni kí ẹ fi ẹnu dírìlì mílímítà 2 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi 4 tàbí 6 fẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí dírìlì fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́, ẹ má tì í. Títì ló ń fọ́ igbá ní ẹ̀yìn ibi tí ẹnu dírìlì ti máa yọ. Ẹ gbé igbá lé òṣùká aṣọ kó má bàa yí. Ihò kéékèèké kí ó pọ̀ níbi tó kọjú sí ògiri, àwọn ńlá mélòó kan kí ó wà lókè pátápátá kí ooru lè bá ibẹ̀ jáde.

Gílóòbù LED wáàtì 3 sí 5 ni kí ẹ lò. Gílóòbù àtijọ́ tó ní òwú nínú, tó ń tan iná pupa, ooru ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ dà, yóò sì sun igbá. Àbẹ́là ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láé, bí iná tilẹ̀ lọ. Nínú hódà, ẹ ta wáyà ní kókó kan kí ẹ tó de é, kó má baà jẹ́ pé ojú ibi tí ẹ ti so wáyà ni ẹrù gbogbo ń fà. A kò gbà yín níyànjú pé kí ẹ so ó mọ́ àjà PVC, torí àjà náà kò lè gbé nǹkan. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, lórí òṣùká ìko tàbí òrùka pákó, kí ẹ gbé e jìnnà sí ògiri ní íǹṣì 6. Bó bá sún mọ́ ògiri ju bẹ́ẹ̀ lọ, tóótòòtó ìmọ́lẹ̀ á kéré. Bó bá jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, á ràn wọnú ara wọn.

POP tí mo dà sínú ike láti fi ṣe òdòdó ògiri máa ń ní ihò, ó sì máa ń sán. — Tọkọtaya, Mayfair

Omi ló ń kọ́kọ́ wọ abọ́, POP ni yóò tẹ̀ lé e. Omi ife 1, POP ife 2. Ẹ máa wọ́n ọn sórí omi díẹ̀díẹ̀, ẹ má rò ó títí yóò fi mumi tán, bíi ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà kí ẹ rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá rò wọlé ló ń di ihò. Ẹ gbá ìdí ike mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá tí ẹ bá ti dà á tán, kí ìhó lè gòkè. Bó bá ti ń dì nínú abọ́, ẹ má bu omi kún un. Èyí tó bá ti dì tí a tún fi omi tú kò ní lágbára mọ́, òun ló ń sán. Fún òdòdó tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ da ìdajì, ẹ tẹ́ ègé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, kí ẹ da ìyókù lé e. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó kùn ún.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: POP máa ń gbóná bó ti ń dì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti ya àwòrán ọwọ́. Ẹ má sì da èyí tó ṣẹ́ kù sínú síǹkì, inú páìpù ló máa dì sí.

Mo fẹ́ fi àfọ́kù ìkòkò ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri bí ilẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù tẹ́ nínú Ifẹ̀ àtijọ́. Àfọ́kù pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa tí òjò ń wú jáde. Ṣé kí n ṣà á? — Ọmọ Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí àfọ́kù wà nínú ilẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí ẹ bá ti ṣà á, ohun tó lè sọ ti tán. Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ ní 1979 sì dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sọ fún wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá ààfin ní Ẹnuwà.

Ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù ni kí ẹ lọ. Ìkòkò máa ń sán nínú iná lásìkò sísun, èyí tó sán náà sì ni ẹ fẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀ síra, láti pupa rúsúrúsú dé dúdú, òun ló sì ń mú iṣẹ́ náà lẹ́wà.

Ẹ wo ilẹ̀ àtijọ́ yẹn dáadáa, èyí tí ìtàn so mọ́ Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin. Wọn ò tẹ́ àfọ́kù sílẹ̀ bíi táìsì. Wọ́n nà án ró, etí rẹ̀ ló ń wo òkè, ìlà kan á dagun sí ọ̀tún, èyí tó kàn á dagun sí òsì, títí yóò fi dà bí egungun ẹja. Etí yẹn ni kí ẹ jẹ́ kó hàn. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, òjìji ò ní sí níbẹ̀, ó sì ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ ṣírò ìwúwo kí ẹ tó gé pákó. Ègé amọ̀ sísun tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kan máa ń tó gíráàmù 1.8. Iṣẹ́ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, tó ga ní 2, yóò lé ní kílò 3. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 60 sí 60, ó ti lé ní kílò 12, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún ìṣó lásán. Ẹ ṣe é ní 30 sí 30. Bí ẹ bá fẹ́ kó fẹ̀, ẹ ṣe mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Plywood ìdajì íǹṣì ni ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú etí pákó tó ga ní íǹṣì kan yí i ká. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tí ẹ bu omi là pa plywood lójú méjèèjì. Ẹ fi àpò wé ìkòkò kí ẹ tó fi òòlù kàn án, ẹ bo ojú, ẹ wọ bàtà, kí ẹ wá fi píńṣásì gé e sí ọ̀já tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ fi òwú fa ìlà sórí pákó ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara wọn.

Gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó títí yóò fi dà bí àmàlà tó rọ̀ ni ẹ óò fi dì í mú. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ rèé: amọ̀ gbígbẹ máa ń fa omi inú gọ́ọ̀mù mu kí gọ́ọ̀mù tó dì. Ó máa dà bí ẹni pé ó mú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan àfọ́kù á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ ki ẹsẹ̀ àfọ́kù kọ̀ọ̀kan bọ gọ́ọ̀mù tó ṣàn, ẹ jẹ́ kó gbẹ ní wákàtí kan, kí ẹ tó nà án ró. Láti igun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa tì í mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbé e dúró.

Ní ti gbígbé e kọ́: inú búlọ́ọ̀kù ṣófo, ara rẹ̀ ò sì nípọn, ìṣó kan kì í pẹ́ tú níbẹ̀. Ẹ fi dírìlì mílímítà 6 lu ihò méjì, ẹ ki plọ́ọ̀gì ike bọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi sukúrú sí i. Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́ ni ẹ ń gbé, ẹ má gbé e kọ́ rárá, orí ṣẹ́ẹ̀fù tàbí tábìlì ló yẹ ẹ́. Ẹ má sì gbé e sókè orí ibùsùn, ilé yòówù kó jẹ́.

Ṣé mo lè so ẹyẹ bébà mọ́ àjà yàrá tí fáànù wà? — Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Aṣẹ́rífá

Ẹ lè so ó, bó bá jìnnà sí orí abẹ fáànù ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tí okùn rẹ̀ ò sì gùn débi tí atẹ́gùn lè gbé e dé ibẹ̀. Ẹ tan fáànù dé ìpele tó ga jù, kí ẹ fi ọwọ́ di okùn náà mú síbi tí ẹ fẹ́ so ó, kí ẹ wo bó ṣe ń fò kí ẹ tó dè é. Okùn ìpẹja ló dára jù. Òwú ìránṣọ máa ń lọ́ mọ́ ara wọn. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo ẹyẹ náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn ọ́n, ẹ má fi aṣọ tútù kàn án.